Owó Ìṣílẹ̀kùn: Ìdágbére fún Màmá Àbẹ̀kẹ́ ti Rothenburgsort

Láti ọwọ́ Olóyè Injiníà Ládípọ̀ Arẹ̀mú, Ààrẹ Ẹgbẹ́ Ọmọ Yorùbá ní Hamburg àti Agbègbè Rẹ̀, Alága Ìgbìmọ̀ Ìsìnkú, Baba Ìsàlẹ̀ Gbogbo Ọ̀dọ́

Ó dìgbà o, obìnrin tó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan jẹun, tó fi etí kan gbọ́ ẹjọ́ gbogbo ìlú. Ó dìgbà, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn. Àga tí ẹ máa ń gbé sí ẹnu ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni má baà wọlé láìkọjá lójú yín, ó ti di àga lásán.

Èmi tí mò ń kọ èyí, kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ẹ̀yin ènìyàn mi mọ̀ mí, èmi ni Ààrẹ yín. Mo ti bọ àwọn ọlọ́lá lọ́wọ́ ní Bonn àti ní Berlin, fọ́tò wọn wà ní pálọ̀ mi, ẹ ti rí i, mo ti fi hàn yín lẹ́yìn oúnjẹ. Ohùn mi kì í gbọ̀n. Ṣùgbọ́n lónìí, gẹ́gẹ́ bí mo ti sọ ṣáájú, ohùn mi gbọ̀n.

Màmá, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn yín bí ẹ ṣe máa ń sọ ọ́, láìbu iyọ̀ sí i.

Nígbà tí ògiri ṣì wà ní Berlin lẹ wá bá ọkọ yín níbẹ̀. Yàrá kan ni, ẹ̀dú ni wọ́n fi ń mú un móoru. Ọwọ́ ló kọ́kọ́ fi lù yín. Lẹ́yìn náà ó di bẹ́líìtì. Lẹ́yìn náà ó di ọ̀pá irin tí wọ́n fi ń ko ẹ̀dú. Ọjọ́ tó fọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì yín, ìrẹsì ló ní ó jóná. Ẹ gbé eyín yín mì pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀, torí ẹ̀rù ń bà yín láti tutọ́ sórí kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Bó ṣe lọ síbi iṣẹ́ lẹ gbé báàgì, ẹ wọ reluwé tó ń lọ sí Hamburg. Ní bodè, àwọn ṣọ́jà apá ìlà-oòrùn wọlé wá wo ìwé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wo fọ́tò tó wà nínú pásípọ́ọ̀tù yín, ó wo ojú yín tó ti wú bí àkàrà inú epo, ó ní, "Das sind Sie nicht," pé ẹ̀yin kọ́ nìyẹn. Ẹ dá a lóhùn ní Yorùbá, ẹ ní, "Òótọ́ lo sọ, ọmọ mi. Ìyẹn ò tíì lọ́kọ." Kò gbọ́. Ó tún wò yín títí, ó lu òǹtẹ̀, ó kọjá lọ.

Etí òsì yín ò bá yín sọdá bodè yẹn. Bí ènìyàn bá ń bá yín sọ̀rọ̀ lápá òsì, ẹ ó ní, "Wá sápá ibí. Etí yẹn ṣì wà ní Berlin."

Ní Hamburg, ẹ kọ́kọ́ ń gbálẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ di ògbufọ̀ fún àwọn èèyàn wa ní Standesamt, ọ́fíìsì tí ìjọba ti ń kọ orúkọ ọmọ tuntun, ti ọkọ àtìyàwó, àti ti òkú sílẹ̀. Ibẹ̀ lẹ ti rí i pé kò sẹ́ni tó ń gba ìwé lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bímọ ń sanwó ìwé, ẹni tó gbéyàwó ń sanwó ìwé. Ẹ ní kí wọ́n fi owó táṣẹ́rẹ́ lé owó ìwé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi táṣẹ́rẹ́ yẹn gba ilé tí obìnrin tí wọ́n ń lù lè sá sí, kí wọ́n sì fi ìyókù rán àwọn èèyàn lọ bá ọkùnrin sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí àti níbi tí wọ́n ti ń jẹun ní Hafen, èbúté ọkọ̀ ojú omi, kí ọwọ́ tó dìde. Ìgbìmọ̀ àdúgbò tí ọ́fíìsì náà wà lábẹ́ rẹ̀ fà á títí òtútù fi lọ tó tún padà dé. Nígbẹ̀yìn wọ́n ní àwọn á dán an wò fún sáà kan.

Ẹ ò sì dúró kí wọ́n rán ẹnikẹ́ni. Gbogbo ọkọ ìyàwó tó bá wá gba ìwé lẹ máa ń sọ fún pé, "Jẹ́ n wo ọwọ́ ẹ." Á rò pé ẹ fẹ́ wo òrùka. Ẹ ó di ọwọ́ náà mú, ẹ ó yí i síwá sẹ́yìn, ẹ ó ní, "Ọwọ́ tó buwọ́ lùwé lónìí nìyí o. Mo ti dá a mọ̀. Bó bá ṣe iṣẹ́ mìíràn lára ọmọ yìí, màá dá a mọ̀ lójú ọmọ náà." Ọkùnrin tó ga ju ilẹ̀kùn lọ á máa wo bàtà ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ owó yìí dé ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Jenfeld, ta ló kọ́kọ́ dìde takò ó? Èmi Ààrẹ ni. Mo gbé agbádá mi sórí èjìká, mo ní, "Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé èmi ni mò ń gbéyàwó, ṣé èmi náà ni n ó tún san owó mọ́tò tó máa gbé e sá kúrò nílé mi?" Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ọkùnrin ń lu tábìlì.

Màmá, ẹ dúró kí ẹ̀rín tán. Ẹ yí etí ọ̀tún sí mi. Ẹ ní, "Ààrẹ, nígbà tẹ́ ẹ lọ ṣe ìdána ní Iléṣà, ṣé wọn ò gba owó ìṣílẹ̀kùn lọ́wọ́ yín kí wọ́n tó jẹ́ kẹ́ ẹ wọlé?"

Mo ní wọ́n gbà á.

"Ta ló gbà á?"

Mo ní àwọn ìyàwó ilé ni.

"Ṣé ẹ bá wọn jà?"

Mo ní, jà kẹ̀, àṣà wa ni.

Ẹ ní, "Ó dáa. Ẹ ti sanwó kí ilẹ̀kùn ṣí fún yín, kẹ́ ẹ wọlé lọ mú un. Lọ́jọ́ tó bá fẹ́ jáde pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu, ta ló ti sanwó ilẹ̀kùn tiẹ̀?"

Ìyàwó mi ń da mínírà sínú ife lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Ife kún, mínírà ń ṣàn lórí tábìlì, kò dáwọ́ dúró.

Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ìlú ti ń pè é ní owó ìṣílẹ̀kùn. Àwọn òyìnbó ọ́fíìsì pàápàá ń gbìyànjú láti pè é bẹ́ẹ̀, ahọ́n wọn ń kọ́. Owó yẹn ló gba fúláàtì ní Rothenburgsort, níbi tí ariwo ọkọ̀ ẹrù kì í jẹ́ kí aládùúgbò gbọ́ ẹkún. Owó yẹn náà ló ra ilẹ̀kùn onígi líle tó wà níbẹ̀.

Ọ̀sán Sátidé kan, obìnrin kan sá wọ fúláàtì yẹn pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Hafen, òun ni ó ń di àpótí ẹrù mọ́ ọkọ̀ ojú omi. Ó ti yí apá ìyàwó náà títí egungun fi dún bí igi gbígbẹ, nítorí pé ó dá tẹlifóònù lóhùn kó tó dá òun lóhùn. Kò pẹ́ tí ọkọ fi dé. Irin gígùn tí wọ́n fi ń fún ìdè àpótí ẹrù ló mú lọ́wọ́, òun ló fi ń lu ilẹ̀kùn. Bó bá ti lù ú, èérún igi á ta sínú yàrá. Màmá, ẹ ní kí obìnrin náà fa wáyà tẹlifóònù wọ balùwẹ̀, kó tì í, kó pe ọlọ́pàá. Ẹ wá fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Irin la igi kọjá, ó bá yín léjìká. Ẹ̀jẹ̀ gba ẹ̀yìn bùbá yín sọ̀ kalẹ̀ dé ìró. Ẹ ò kúrò níbẹ̀. Ohun tí ẹ ń sọ ni pé, "Mo ti gba irú èyí rí. Mo ti gbà á rí."

Ìgbà náà ni ohùn mi dún láti inú fúláàtì.

"Àlàó. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé èmi Ààrẹ wà níhìn-ín, ṣé ojú mi lo ti ń fọ́lé?"

Irin dúró.

"Ààrẹ? Ṣé ẹ̀yin nìyẹn, sà?"

"Ta lo tún rò pé ó jẹ́? Sọ irin yẹn nù. Dọ̀bálẹ̀."

Gbogbo wa gbọ́ irin náà bó ṣe ń já lórí àtẹ̀gùn títí dé ìsàlẹ̀. A gbọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe kan simẹ́ńtì. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Obìnrin yìí ló ń dán mi wò."

"Panu mọ́. Má dìde o, títí n ó fi jáde sí ọ. Mò ń jẹun lọ́wọ́."

Bí ọlọ́pàá ṣe bá a nìyẹn, ó dojú bolẹ̀ gbalaja níwájú ilẹ̀kùn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán. Wọn ò ní láti bá a wọ̀yá ìjà. Wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́.

Ohùn mi ló wà níbẹ̀. Èmi fúnra mi, Olóyè Injiníà, mo wà ní Berlin lọ́jọ́ náà níbi ìsọmọlórúkọ, mò ń jẹ ẹran ewúrẹ́.

Ó yá, agbádá yìí ti ń wọ́lẹ̀ lára mi. Ẹ jẹ́ n bọ́ ọ.

Èmi kọ́ ni Ààrẹ. Èmi ni Bọ́lánlé, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tí Màmá ń pè ní Ayékòótọ́ torí pé kò sóhùn tí ẹnu mi ò lè gbà. Obìnrin tó wà ní balùwẹ̀ ni ìyá mi. Àlàó ni bàbá mi. Ó ti kó lọ sí Berlin. Bẹ́nì kan bá fi ìwé yìí ránṣẹ́ sí i, ìgbà yẹn ló máa mọ ẹni tó dọ̀bálẹ̀ fún.

Wọ́n lé mi ní Hauptschule, ilé ìwé mi, torí pé mo fi ohùn ọ̀gá ilé ìwé kéde kí gbogbo kíláàsì máa lọ sílé. Mo sì ti fi ohùn Ààrẹ pe àwọn àgbà ẹgbẹ́ lórí tẹlifóònù sí ìpàdé tí kò sí, lọ́jọ́ tí yìnyín ń bọ́. Màmá, ẹ ò nà mí. Ẹ ní kí n lọ bẹ̀ wọ́n nílé-nílé, kí n sì fi ohùn ara mi bẹ̀ wọ́n. Ó dùn mí ju pàṣán lọ. N ò mọ̀ pé mo ní ohùn kankan tẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ ilẹ̀kùn yẹn, nígbà tí wọ́n ń rán èjìká yín ní ọsibítù, ẹ̀rín lẹ ń rín, dókítà ń bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ má mira. Ẹ pè mí sápá ọ̀tún. Ẹ ní, "Ayékòótọ́, má fi ohùn yẹn ṣeré mọ́. Fi pa mọ́. Ọjọ́ tí mo bá kú, wọ́n á ní kí Ààrẹ sọ̀rọ̀, ohun tó máa sọ ni pé mo mọ ọbẹ̀ sè. Ìwọ ni kó o fi ohùn yẹn sọ̀rọ̀ dípò rẹ̀."

Bó ṣe rí náà nìyẹn. Lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ ríru wó yín lulẹ̀, tẹ́ ẹ ò sì dìde mọ́, Ààrẹ pè mí torí pé èmi ni mò ń bá ẹgbẹ́ tẹ ìwé. Ó ní, "Bọ́lánlé, bá mi kọ nǹkan kan nípa Màmá Àbẹ̀kẹ́. Ṣó o mọ bí mo ṣe máa ń sọ̀rọ̀. Kọ pé ó mọ ọbẹ̀ sè. Fi orúkọ mi sí i, n ò ráyè kà á." Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Mo mọ bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ dáadáa.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá síbi ìsìnkú yìí, mi ò kọ ọ́ láti fi Ààrẹ ṣẹ̀sín. Sáà tí wọ́n fi ń dán owó ìṣílẹ̀kùn wò ti fẹ́ parí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni ìgbìmọ̀ àdúgbò máa pinnu bóyá kó máa lọ tàbí kó dópin, wọ́n sì ti bi ẹgbẹ́ wa bóyá a fẹ́ ẹ. Ààrẹ ní òun máa rò ó. Gbogbo wa la mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí lẹ́nu rẹ̀. Bí owó náà bá dópin, wọ́n á gba kọ́kọ́rọ́ fúláàtì padà. Obìnrin kan wà nínú ẹ̀ báyìí tẹ́ ẹ̀ ń gbójú sókè wá níbí, tẹ́ ẹ ń béèrè pé kí ló dé tí kò wá sin Màmá. Ojú ẹ̀ ò tíì ṣeé gbé jáde. Òun ló ní kí n bá òun sọ fún Màmá pé ó dìgbà.

Torí náà, mo kọ ọ́ síbí lórúkọ Ààrẹ pé ẹgbẹ́ wa fẹ́ owó náà, pé òun fúnra ẹ̀ ló máa lọ sọ ọ́ fún wọn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ìwé ìsìnkú yìí ti wà lọ́wọ́ gbogbo yín. Bó bá jẹ́ pé irọ́ ni mo pa mọ́ ọn, kó dìde báyìí, kó dúró níwájú pósí, kó fi ohùn ara ẹ̀ sọ pé kí wọ́n ti ilẹ̀kùn Màmá. A ó dákẹ́ kó lè sọ ọ́. Bí kò bá sọ nǹkan kan, ó ti gbà nìyẹn, ẹ sì bá mi kí i pé ó ṣeun.

Màmá mi, ẹ sùn re o. Apá òsì ni kẹ́ ẹ fi lélẹ̀, kí etí ọ̀tún wà lókè. Ààrẹ fẹ́ sọ̀rọ̀.

Èmi ni,
Bọ́lánlé Ayékòótọ́ yín,
Jenfeld.