Ọjọ́ Tí Mo Fi Káàdì Na Dèjì Lórí Àtẹ̀gùn Ṣọ́ọ̀ṣì

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Peckham, ẹni tí kò bá ní káàdì lápò, a kì í kà á kún èèyàn. Ẹ̀yin ojúgbà mi tí a jọ dàgbà ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù mọ ohun tí mò ń sọ. Kì í ṣe wọ́ọ̀tì o! Mò ń sọ nípa àwọn káàdì aláràbarà tí wọ́n ya jagunjagun, dírágónì àti ẹranko abàmì sí, tí wọ́n ń tà nínú pákẹ́ẹ̀tì pẹlẹbẹ tó ń dán yinrin. Bí o bá ti ya pákẹ́ẹ̀tì yẹn báyìí, òórùn yíǹkì àti páálí tuntun á gba imú rẹ kan. Títí di òní olónìí, bí mo bá ṣí ìwé tuntun, mo ṣì máa ń kọ́kọ́ ki imú bọ̀ ọ́.

Eré náà kò ṣòro. Oníkálukú máa ń ṣa ogójì káàdì tó wù ú jọ, ìdì ogójì yẹn là ń pè ní dẹ́ẹ̀kì. Ìwọ àti ẹnìkejì á jókòó dojú kọra, ẹ ó máa fa káàdì lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ó máa to jagunjagun sílẹ̀. Wọ́n á ti fún olúkúlùkù ní iye ẹ̀mí tirẹ̀, ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ bá kọ́kọ́ tán ló fìdí rẹmi.

Nílé wa, iṣẹ́ ló máa ń ṣáájú káàdì. Ìdájí ni Mummy máa ń lọ nu ọ́fíìsì, nítorí náà èmi ni mo ni gbígbálẹ̀, èmi ni mo ni fífọ abọ́, èmi náà ni mo ni ẹ̀wà ṣíṣà. Bí òkúta kan bá ṣẹ́ kù sínú ẹ̀wà yẹn, etí mi gbé! Wọ́n á fà á títí yóò fi gbóná. Síbẹ̀, bí mo bá ti parí, orí kápẹ́ẹ̀tì yàrá ni ẹ ó ti bá mi pẹ̀lú àwọn káàdì mi.

Ọjọ́ tí mo pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, aunty mi kan tó ń gbé ní Bermondsey ra pákẹ́ẹ̀tì mélòó kan fún mi. Mo ya àkọ́kọ́, káàdì játijàti. Mo ya èkejì, bákan náà. Mo ya èyí tó kù, Ọbabìnrin Ìjì yọ sí mi! Háà! Ó dúró lórí àwọsánmà, mànàmáná ń kọ lójú rẹ̀, ìwo méjì wà lórí rẹ̀ gbàgìrì. Mo figbe ta débi pé Mummy sáré jáde láti kíṣìnì tàwọn ti ọmọrogùn lọ́wọ́, wọ́n rò pé iná ló jó mi. Kíá ni mo ti káàdì náà bọ abẹ́ aṣọ. Ẹ ṣáà mọ àwọn ìyá onígbàgbọ́ àti ohun tó bá níwo.

Agbára Ọbabìnrin yẹn kò kéré. Bí o bá gbé e sílẹ̀, gbogbo jagunjagun tó wà níwájú ọ̀tá rẹ ló máa gbá dànù lẹ́ẹ̀kan náà. Kìkì ohun tó fẹ́ ni pé kí jagunjagun mẹ́ta tìrẹ ti wà nílẹ̀ kó tó jáde.

Ìròyìn kò pẹ́ dé etí Dèjì. Ọmọ dìákónì ìjọ wa ni Dèjì, ó fi ọdún méjì jù mí lọ, kò sì sí ọmọ tó tíì fi káàdì nà án rí. Mummy ti kìlọ̀ fún mi pé Brother Dèjì ni kí n máa pè é, kí n sì máa fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀. Ẹnu mi ń pè é, inú mi kò bá ẹnu mi sọ ọ́. Ó kọ́kọ́ ní ká ṣe pàṣípààrọ̀, mo kọ̀. Ó fi òmíràn kún un, mo tún kọ̀. Ló bá sọ ọ́ lójú gbogbo ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì pé, "Kò burú. Kì í ṣe Sunday tó ń bọ̀ yìí, èyí tó tẹ̀ lé e, jẹ́ ká jọ ta eré yìí. Bí mo bá nà ẹ́, màá gba Ọbabìnrin yẹn."

Mo ní, "Bí mo bá nà yín ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Sọ ohun tó o bá fẹ́."

Ẹnu mi kò gbélé. Mo ní, "Ẹ ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, ẹ ó sì máa pè mí ní Aunty Tóyìn títí sáà ilé-ìwé á fi parí."

Àwọn ọmọ hó yèè! Dèjì ní òun gbà. Mo dé ilé, ẹ̀rù wá bà mí.

Mo kó gbogbo òmìrán àti dírágónì tí mo ní jọ yí Ọbabìnrin ká, mo rò pé bí alágbára bá ṣe pọ̀ tó ni màá ṣe lè borí tó. Mo gbé e lọ sílé-ìwé lọ dán an wò, wọ́n lù mí bí ẹni lu bàrà. Àwọn òmìrán yẹn wúwo, wọn kì í tètè jáde. Wọ́n á kàn kún mi lọ́wọ́ fọ́fọ́, ilẹ̀ iwájú mi á sì ṣófo títí ẹ̀mí mi fi máa tán. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, mi ò ní purọ́ fún yín.

Sunday tó tẹ̀ lé e ni alábòójútó àgbà ìjọ wa ti Nàìjíríà wá bẹ̀ wá wò. Ilé tí wọ́n ń kó ẹrù sí tẹ́lẹ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì wa, òrùlé rẹ̀ ga, òtútù ibẹ̀ ń wọ egungun. Mo jókòó sórí àga àwọn ọmọdé, mo ń wò. Bàbá kan ṣoṣo ló fẹ́ wàásù o, àmọ́ ẹ wo èrò tó ń bá a bọ̀! Ẹnìkan ṣílẹ̀kùn, ẹnìkan gbé Bíbélì, ẹnìkan gbé báàgì, ẹnìkan sáré lọ nu àga, ẹnìkan gbé omi dúró, arákùnrin kan sì wà tó jẹ́ pé áńkáṣíìfù nìkan ni iṣẹ́ tirẹ̀. Bàbá ò tíì yanu, gbogbo nǹkan ti wà létò. Irú èrò báyìí ni Ọbabìnrin mi náà nílò! Mo fò sókè lórí àga, obìnrin tó ń bójú tó wa rò pé ẹ̀mí ló gbé mi, ló bá ń pariwo "Halelúyà!" lé mi lórí. Ẹ̀mí kọ́, káàdì ni!

Lọ́jọ́ kejì mo kó àwọn òmìrán mi lọ sílé-ìwé, mo fi wọ́n gba àwọn káàdì kéékèèké tí ẹnikẹ́ni kì í wò lẹ́ẹ̀mejì. Mo gba Apọnmi. Mo gba Aṣọ́bodè. Mo gba Ìránṣẹ́, tó lè lọ wá Ọbabìnrin jáde nínú ìdì káàdì. Wọ́n ní orí mi ti dàrú. Mo ní kí wọ́n ṣáà máa kó káàdì wọn bọ̀ ni. Inú mi ń dùn débi pé mo ṣa ẹ̀wà lọ́jọ́ yẹn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán mi.

Ọjọ́ pé. Ẹ rántí pé bí ìsìn bá parí, ìpàdé àwọn àgbà ló kù, ìpàdé wọn kì í sì í parí bọ̀rọ̀. Orí àtẹ̀gùn ni àwa ọmọ máa ń wà pẹ̀lú puff-puff tó ti tutù. Gbogbo wọn yí èmi àti Dèjì ká. Dèjì to jagunjagun rẹ̀, ó sì da àwọn káàdì kan dojú bolẹ̀ síwájú wọn, mo sì mọ̀ pé pàkúté ni. Èmi náà rán Ìránṣẹ́ mi, ó bá mi mú Ọbabìnrin wá sọ́wọ́. Jagunjagun mẹ́ta mi wà nílẹ̀.

"Gbé e sílẹ̀! Gbé e sílẹ̀!" Báyìí ni wọ́n ń pariwo.

Mo fẹ́ gbé e sílẹ̀ tán ni mo wo ojú Dèjì. Ó ń jẹ ètè. Ojú rẹ̀ kò sí lára Apọnmi, kò sí lára Aṣọ́bodè, ọwọ́ mi ló ń wò. Áà! Òun ni ó ń dè! Gbogbo pàkúté yẹn, nítorí Ọbabìnrin ló ṣe dẹ wọ́n. Mo bá jẹ́ kí Ọbabìnrin jókòó sọ́wọ́ mi. Apọnmi gbá Dèjì, ẹ̀mí rẹ̀ dín díẹ̀. Aṣọ́bodè gbá a, ó tún dín díẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Dèjì ń dúró de ìjì, òjò winniwinni ló pa á. Nígbà tí ẹ̀mí rẹ̀ tán, mo na ọwọ́ mi sí i kó lè rí Ọbabìnrin. Àtẹ̀gùn fẹ́rẹ̀ẹ́ wó fún ariwo!

Dèjì kò ṣe màgòmágó. Ó bọ́ kóòtù, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Aunty Tóyìn."

"Tóyìn!"

Mummy ni. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, kúlà ìrẹsì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, mo sọ ọ́. Ojú wọn le bí òkúta. "Ẹni tó jù ẹ́ lọ, ló ń dọ̀bálẹ̀ fún ẹ? Kúnlẹ̀ níbẹ̀ yẹn!"

Mo kúnlẹ̀. Dèjì gan-an ló bẹ̀bẹ̀ fún mi. "Mummy Tóyìn, ẹ jọ̀ọ́ mà, òun ló borí mi."

Mummy ní, "Mo ti gbọ́. Kó borí, kó sì mọ àgbà." Bí mo ṣe bẹ Brother Dèjì lórí ìkúnlẹ̀ nìyẹn, tí oyè Aunty bọ́ lọ́wọ́ mi kí n tó gbádùn rẹ̀. Inú bí mi! Mo rò pé kò sí ìyá tó burú tó tèmi ní gbogbo Peckham.

A wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé, a kọjá Rye Lane. Mummy wá rọra sún mọ́ mi, wọ́n ní, "Báwo lo tiẹ̀ ṣe ṣe é?" Mo to káàdì sórí itan wọn, mo ṣàlàyé. Nígbà tí wọ́n rí ìwo, wọ́n ní "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!", àmọ́ wọn ò gbà á lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní kí ló dé tí n kò gbé e jáde. Mo ní, "Mummy, òun ni Brother Dèjì ń retí." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ẹran tó tóbi jù nínú ìkòkò ni wọ́n fi sí abọ́ mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kó tó sì di Sunday mìíràn, kò sí ìyá ìjọ tí kò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu wọn.

Lónìí, orí fóònù ni ọmọ mi obìnrin ti ń ta irú eré yìí. Fóònù ló ń bá a ṣa ogójì káàdì, ìṣẹ́jú kan, ó parí. Láìpẹ́ yìí ó ní òun borí. Mo ní, "Ta lo nà?" Ó ní, "Mi ò mọ̀ ọ́n, Mummy." Mo ní, "Ọmọdé ni àbí àgbà?" Ó sọ èjìká. Mo ní, "Kí ló wá sọ?" Ó ní ẹni náà kàn jáde lọ ni. Ó dùn mí. Kéèyàn borí, kó má rí ojú ẹni tó nà, kí ẹnikẹ́ni má pariwo, kó má sì sí ìyá tó máa bá a wí!

Mo gba fóònù, mo ra káàdì, a jókòó sílẹ̀ ní kíṣìnì. Ọmọ náà nà mí. Ó kọ́kọ́ wojú mi bóyá inú ń bí mi, ló bá fò dìde, ó figbe ta. Aládùúgbò wa bẹ̀rẹ̀ sí í lu ògiri gbà gbà gbà. Mo ní, "Má dá a lóhùn. Pariwo jù bẹ́ẹ̀ lọ."