Obìnrin Tó Wà Nínú Ìwé Ìpíngún

Ẹni tó bá mọ̀ mí dáadáa mọ̀ pé ẹnu mi kì í sinmi. Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbà ni mò ń ṣe ní Peckham, láti ilé dé ilé: mo máa ń wẹ̀ fún wọn, mo máa ń fún wọn lóògùn, mo máa ń po tíì, kí n tó sáré wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Forest Hill lọ bá ẹlòmíì. Nínú gbogbo wọn, ìyá òyìnbó kan wà tí mo fẹ́ràn jù. Mọ́mì ni mò ń pè wọ́n. Wọ́n ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, ojú wọn ti ń ṣú, ṣùgbọ́n ọpọlọ wọn ṣì pé.

Ohun kan ṣoṣo ni Mọ́mì ń lé: ìtàn baba ńlá wọn. Ọkùnrin náà wà lára àwọn onígbàgbọ́ tí wọ́n ń pè ní Puritan, àwọn tó ní ayé ti pọ̀ jù nínú ìjọ ọba, tí wọ́n wọkọ̀ ojú omi lọ tẹ̀dó sí Amẹ́ríkà láyé àtijọ́. Mọ́mì fẹ́ kí ìtàn yẹn di ìwé kékeré kí wọ́n tó kú, kí ẹbí wọn tó ti fọ́n ká lè rí i mú dání. Ojú wọn ò gbé ìwé kíkà mọ́, nítorí náà èmi ni mò ń kà á fún wọn, èmi náà ni mò ń kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀, tí wọ́n bá ti jẹun tán. Kò sí lára iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí fún o, àmọ́ mo gbádùn ẹ̀.

Baba bàbá mi ló fà á. Nígbà tí wọ́n di Aládùúrà, tí wọ́n wọ aṣọ funfun, bàbá tó bí wọn lé wọn jáde nílé. Ẹní kan àti Bíbélì kan ni wọ́n gbé kúrò nílùú. Ìtàn yẹn ni wọ́n fi tọ́ wa. Ọjọ́ tí Mọ́mì sọ fún mi pé baba ńlá tiwọn náà filé sílẹ̀ torí àdúrà, mo pariwo, "Háà! Mọ́mì, ẹbí ni wá o!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà wọ́n lẹ́nu.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kì wọ́n nìyẹn. Nílé tí mo ti wá, a máa ń ki àwọn àgbà láràárọ̀ kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ibùsùn. Bí mo bá ti ń ṣí kọ́tìnì Mọ́mì, mo ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: "Ọmọ a-la-òkun-já-má-bẹ̀rù-ìgbì. Ọmọ a-kọ-ọlá-ọba-torí-Olúwa. Ọmọ a-gbàdúrà-tẹ̀lú-dó." Èmi ni mo hun ún fúnra mi. Wọ́n ní kí n túmọ̀ ẹ̀ fún wọn, wọ́n sì há a sórí. Bí mo bá gbàgbé lọ́jọ́ kan, wọ́n á ní, "Oríkì mi dà?" Mo tiẹ̀ dárúkọ baba ńlá Mọ́mì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, lọ́jọ́ tí wọ́n ní ká dúpẹ́ lórí àwọn baba ìgbàgbọ́. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Ẹ wo èmi náà!

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀dà ìwé ìpíngún ọkùnrin náà dé láti Amẹ́ríkà. Ẹnì kan ti bá wọn tẹ̀ ẹ́ kó lè ṣeé kà. Mọ́mì ní kí n gbé àga sún mọ́ àwọn. Mo ń kà á lọ: ilẹ̀ fún àkọ́bí, Bíbélì ńlá fún èkejì, bẹ́ẹ̀dì fún ìyàwó. Ó wá kan ọmọ rẹ̀ obìnrin. Màlúù pupa méjì, ìkòkò irin kan, obìnrin dúdú kan, àti oyún tó wà nínú ẹ̀.

Mo tún un kà sínú. Àti oyún tó wà nínú ẹ̀. Màlúù, wọ́n kọ àwọ̀ wọn. Obìnrin yẹn, wọn ò kọ orúkọ ẹ̀. Mọ́mì ní, "Ó tán ni?" Mo wojú wọn. Ẹyin tí wọ́n jẹ ṣì wà létè wọn, inú wọn ń dùn ṣìnkìn. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi, èèyàn ò gbọdọ̀ ba bàbá tó bí àgbàlagbà jẹ́ lójú àgbàlagbà náà. Mo fò ó. Mo ní, "Màlúù pupa méjì àti ìkòkò irin kan, Mọ́mì. Ó tán."

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mi ò fi gbádùn ara mi. Mi ò lè kì wọ́n mọ́. Mo ní ọ̀fun ń dùn mí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo kúnlẹ̀ níbi tí mo ti dárúkọ ọkùnrin yẹn, ojú sì ń tì mí bí ẹni tó jalè. Inú ń bí mi. Ta ni mò ń dáàbò bò gan-an? Ṣé àwọn tó bí obìnrin yẹn wá a títí? Bí ìwé Mọ́mì bá jáde tí kò sí níbẹ̀, a jẹ́ pé èmi, èèyàn dúdú bíi tiẹ̀, ni mo pa á rẹ́.

Ọjọ́ tí Mọ́mì ní ká kọ ọ̀rọ̀ ìpíngún sínú ìwé ni mo sọ ọ́. Mo jẹ́ kí wọ́n mu tíì wọn tán, mo wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga wọn. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, mo purọ́ fún yín. Ìlà kan wà tí mo fò." Mo kà á, gbogbo ẹ̀, toyún-toyún.

Wọ́n wá ní, "Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀ kẹ̀? Ta ló sọ fún yín?"

"Ọmọ àbúrò mi ti kà á fún mi lórí fóònù kí ìwé tó dé. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá wàá kà á ni. Nígbà tí o fò ó, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ nínú ọkàn mi."

Ẹ gbà mí o! Ọ̀sẹ̀ méjì tí mo fi ń jẹ ara mi níyà, ìyá yìí mọ̀! Wọ́n na ọwọ́ wá ọwọ́ mi, wọ́n dì í mú. "Kọ ọ́ báyìí: ó fi màlúù àti àwọn ìránṣẹ́ sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin."

"Ìránṣẹ́ kẹ̀? Mọ́mì, wọ́n fi í ta ọmọ lọ́rẹ pẹ̀lú ìkòkò ni! Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ bó ṣe wà." Ohùn mi ti lọ sókè, mi ò sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Omi bọ́ lójú wọn. "Mi ò ní pẹ́ lọ. Má gba bàbá yìí lọ́wọ́ mi. Bí o bá fẹ́ràn mi, bá mi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Ẹ lè sọ pé tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ẹ ò ní kọ ọ́. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì láìmọye ìgbà. Àmọ́ mo fẹ́ràn ìyá yìí tọkàntọkàn. Mo mú bírò, mo kọ "àwọn ìránṣẹ́". Mo kọ ọ́ kó hàn ketekete. Ó dùn mí wọra.

Mọ́mì kú kí òtútù ọdún yẹn tó lọ. Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọ àbúrò wọn fi ìwé náà ránṣẹ́ sí mi. Mo jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì mi ní Kennington, mo ṣí i. Lójú ewé àkọ́kọ́, Mọ́mì ti ní kí ọmọ àbúrò wọn bá àwọn kọ ọpẹ́ sí mi. Wọ́n ní láìsí èmi, ìtàn náà ì bá má pé. Wọ́n kọ orúkọ mi ní kíkún, ti bàbá mi náà, wọn ò ṣì í kọ rárá. Mo ṣí i dé ibi ìpíngún, mo ka ohun tí mo fọwọ́ ara mi kọ. Nínú gbogbo ìwé yẹn, láti èèpo dé èèpo, èmi nìkan ni èèyàn dúdú tó wà níbẹ̀.