Júù Mẹ́sàn-án àti Ọmọ Ìjọ Elétò Kan

Olùkọ́ ìṣirò ni mí n'Íbàdàn kí n tó dé Maryland. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹni tó bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lè tètè bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ ení dé ẹ̀wá lásán ni mo fẹ́ sọ yìí. Èmi tí mo fi ọdún méjìlá na ọmọ ọlọ́mọ lẹ́gba lórí ìṣirò, mo dúró láàárín èèyàn díẹ̀ fún oṣù mẹ́sàn-án, n kò sì mọ̀ pé wọn kò pé.

Nígbà tí mo wá bá ìyàwó mi ní Bowie, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí ayé wọ ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun, kò sẹ́ni tó bi mí nípa ìṣirò. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi, òun ló sì bá mi wá iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó. Wọ́n ní kí n máa lọ sí ilé alájà mẹ́fà kan ní Adelphi, lọ́dọ̀ bàbá Júù kan tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Aránṣọ ni bàbá yìí nígbà tó lágbára. Ṣòkòtò ló ń rán, ó sì kórìíra ṣòkòtò tèmi láti ọjọ́ tí mo ti wọlé.

“Ta ló gé ẹsẹ̀ èyí fún ọ?” Gbólóhùn àkọ́kọ́ tó bá mi sọ nìyẹn.

“Bí mo ṣe rà á nìyí, sà.”

“Ó hàn.”

Ìyàwó Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni nígbà náà. Wọn kò bímọ. Àwọn Júù ní àdúrà kan tí wọ́n ń pè ní Kádíṣì, tí ẹni tí èèyàn rẹ̀ kú máa ń dìde kà. Oṣù mọ́kànlá ni ọmọ fi ń kà á fún òbí. Ọkọ tó bá kà á fún oṣù kan fún ìyàwó rẹ̀ ti ṣe ojúṣe rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bá a wí. Bàbá ní oṣù mọ́kànlá lòun máa kà á.

“Ká ní a bímọ ni, ọmọ ni ì bá kà á. A ò bí. Bí mi ò bá kà á, ta ló máa kà á fún un?”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Kò sí Yorùbá tó máa gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tí kò ní dùn ún. Ṣùgbọ́n èèyàn kì í dá Kádíṣì kà nínú yàrá rẹ̀. Àfi kí ọkùnrin Júù mẹ́wàá pé jọ kí wọ́n máa dáhùn Àmín. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́sàn-án, kí kálukú yáa máa lọ sílé.

Bí iṣẹ́ mi ṣe di gbígbé Bàbá lọ sí sínágọ́gù láàárọ̀ Mọ́ńdè àti Tọ́sìdeè nìyẹn. Ọjọ́ méjì yìí àti Sátidé ni wọ́n ń pàdé. Òfin wọn kò gbà kí wọ́n gun mọ́tò ní Sátidé, ẹsẹ̀ Bàbá kò sì gbé e débẹ̀ mọ́, ọjọ́ méjèèjì yìí nìkan ló kù fún un. Ilé kékeré kan ni sínágọ́gù náà, ó wà lẹ́yìn ilé ìfọṣọ kan. Wọ́n ní nígbà kan rí, àga kì í tó níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wọn ti kó lọ sí Montgomery County, rábì wọn náà sì tẹ̀ lé wọn. Àwọn arúgbó ló kù, tí wọ́n ní àwọn ò lọ síbì kankan. Lóòótọ́ ni wọn ò lọ. Ẹ̀yà ara wọn ló ń lọ: etí ẹnì kan ti lọ, orúnkún ẹlòmíràn ti lọ, ti ẹni kẹta, eyín ni.

Ẹni tó máa ń wò ó bóyá wọ́n ti pé ni bàbá kan tó máa ń tún aago ṣe kó tó fẹ̀yìn tì. Ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní Aláago. Awọ funfun ti bo ojú rẹ̀ méjèèjì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ojú ríran ló ti ń ṣe láti kékeré, kò sì sẹ́ni tó tó bẹ́ẹ̀ láti sọ fún un pé kò ríran mọ́. Kì í kà wọ́n ní ení, èjì. Wọ́n ní a kì í ka èèyàn. Ẹsẹ Sáàmù kan wà tó jẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá géérégé ní èdè wọn. Òun ló máa ń kà, á máa na ìka, ọ̀rọ̀ kan fún orí kan. Bí ọ̀rọ̀ kẹwàá bá ti rí orí bà lé, àdúrà yá.

Inú mi dùn nígbà tí mo rí èyí. Mi ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ nígbà tí ìyá mi gbá mi létí, nítorí pé mo na ìka sí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mo ń kà wọ́n. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Nítorí náà, n kò ka orí ẹnikẹ́ni nínú sínágọ́gù. Àwọn náà kò ka ara wọn. Àṣà tiwọn àti àṣà tiwa para pọ̀, wọ́n fi iye sílẹ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo tí kò ríran.

Fìlà pẹlẹbẹ kékeré kan wà tí gbogbo ọkùnrin tó bá wọlé gbọ́dọ̀ dé. Mo dé tèmi, mo dúró lẹ́yìn Bàbá kí n lè dì í mú bó bá fẹ́ dìde. Bí ìka Aláago bá ti dé ọ̀dọ̀ mi, mo rò pé ó ń kí mi ni. Àgbàlagbà ń kí mi láàárọ̀ kùtù, ṣé kí n dúró gbagidi bí òpó ni? Mo máa ń tẹrí ba dáadáa. Àṣé ìtẹríba yẹn ló ń bà mí jẹ́, torí pé àwọn náà máa ń tẹ̀ síwá sẹ́yìn bí wọ́n bá ń gbàdúrà. Ohun tí Aláago ń rí ò ju òjìji kan tó dé fìlà tó sì ń mì.

Obìnrin kan ṣoṣo ló máa ń wà níbẹ̀, màmá kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ìyàwó Bàbá. Kíṣìnì ló máa ń wà, á máa gé ẹja oníyọ̀ tí wọ́n máa ń jẹ lẹ́yìn àdúrà. Obìnrin kì í sí nínú mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kíṣìnì máa ń wà ní ṣíṣí, Àmín Màmá sì ga ju ti gbogbo àwọn ọkùnrin náà lọ. Èmi náà kọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó fi di oṣù kẹta, mo ti mọ ibi tí Àmín ń bọ̀ kó tó dé.

Àṣà wọn sì wọ̀ mí lẹ́wù dé ibi tí kò yẹ. Lọ́jọ́ Sunday kan ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì wa ní Bowie, ìyàwó mi fi ìgúnpá gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́.

“Daddy, kí lẹ̀ ń ṣe yìí?”

“Kí ni mo ṣe?”

“Ẹ̀ ń mì. Front and back. Ṣé ẹ ti convert ni?”

“Convert báwo? Mo kàn ń mì ni.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mì mọ́. Reverend ń wò yín.”

Nínú oṣù kẹsàn-án tí a ti ń lọ, lẹ́yìn àdúrà Tọ́sìdeè kan, wọ́n ṣe ojú fún Aláago ní ọsibítù. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó padà wá, nǹkan ti bọ́ lójú rẹ̀ bí ìpẹ́. Ó wo ògiri, ó béèrè ẹni tó kùn ún ní irú ọ̀dà burúkú bẹ́ẹ̀. Ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n ti jọ ń jókòó fún ọgbọ̀n ọdún, ó ní, “O mà ti darúgbó o.” Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ Sáàmù rẹ̀, ó ń na ìka kiri. Ọ̀rọ̀ kẹwàá ló kù nígbà tí ìka dé ọ̀dọ̀ mi. Mo tẹrí ba. Ọ̀rọ̀ náà há sí i lẹ́nu.

“Ta nìyí?”

“Ẹni tó ń tọ́jú mi ni,” Bàbá dá a lóhùn.

“Ṣé Júù ni?”

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Mo ní, “Rárá, sà. Ìjọ Elétò ni mo wà.”

Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnì kan ní ẹ̀bi Aláago ni. Aláago ní ẹ̀bi mi ni, kí ló dé tí mo ń tẹrí ba. Ẹni tí kò gbọ́ràn ń béèrè pé ta ló kú. Ọ̀kan nínú wọn tó ti ṣe lọ́yà rí ló wá sọ ohun tí kálukú ń bẹ̀rù: bí wọn kò bá pé mẹ́wàá láti ìbẹ̀rẹ̀, a jẹ́ pé Kádíṣì oṣù mẹ́sàn-án kò sí níbì kankan nìyẹn, kí Bàbá tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ení.

Bàbá fi ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin rẹ̀ ti ara rẹ̀ dìde. “Ẹ wò mí dáadáa,” ló wí. “Ṣé èmi yìí lẹ rò pé mo ní oṣù mọ́kànlá mìíràn?”

Ojú tì mí débi pé n kò mọ ibi tí mo lè fi ara mi sí. Mo fẹ́ ṣí fìlà, mo tún rò pé bóyá ìyẹn ló máa burú jù, mo bá kàn gbé ọwọ́ lé e lórí.

Lọ́yà bá fà mí sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ilẹ̀ ló ń wò. Ó ní kí n má bínú, ọ̀rọ̀ abẹ́lé ni, ṣùgbọ́n ṣé wọ́n dá abẹ́ fún mi?

“Ọjọ́ kẹjọ, sà.”

“Ọjọ́ kẹjọ!” Ó pariwo rẹ̀ fún gbogbo ilé. “Ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n dá a fún un!”

Inú wọn dùn bí ẹni pé èmi ni mo dá a fúnra mi. Mo ṣàlàyé pé nílé wa, ọjọ́ kẹjọ náà la máa ń sọ ọmọ lórúkọ bíi tiwọn, ìyẹn tún wá dá wàhálà sílẹ̀. Wọ́n ní ó ku omi nìkan kí n di Júù: kí wọ́n rì mí bọmi, ó parí. Ẹnì kan rántí adágún omi tó wà ní Lake Arbor. Ẹlòmíràn ní yìnyín ti bò ó. Wọ́n ń jiyàn lórí bí yìnyín náà ṣe nípọn tó.

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin bàbá, ìyàwó mi wà nílé.”

Ìgbà yẹn ni Màmá jáde láti kíṣìnì, tòun ti ọ̀bẹ lọ́wọ́, ìpẹ́ ẹja lápá rẹ̀.

“Níbo ni mo wà ní gbogbo oṣù mẹ́sàn-án?” ló bi wọ́n. “Ẹ sọ fún mi. Ta ló gé ẹja tí ẹ̀ ń jẹ? Ta ló ń ṣe Àmín?”

Aláago ní, “Àwa kì í ka obìnrin. Láti ọjọ́ tí a ti kọ́ ibí yìí.”

“Ìwọ! O ka ọmọ ìjọ Elétò fún oṣù mẹ́sàn-án, o ò lè kà mí!”

Aláago ń wo ọ̀bẹ ọwọ́ Màmá. Àwọn yòókù ń wo bàtà ara wọn. Bàbá ló fọ̀, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ gan-an: “Ẹ kà á. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ kà á.”

Aláago bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ Sáàmù láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó pẹ́ lórí rẹ̀ o, bí ẹni tó ń fa eyín. Ọ̀rọ̀ kẹwàá bọ́ sórí Màmá, òun tọ̀bẹ tọ̀bẹ. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, oṣù mẹ́sàn-án dúró, ó ku méjì. Màmá fìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀: ó gbé àga kan lọ sí iwájú pátápátá, ó jókòó, ó ní òun ò wọ kíṣìnì mọ́ láàárọ̀. Ọkùnrin mẹ́sàn-án wá ń wá ibi tí wọ́n ń kó kọfí sí. Lọ́yà se é. Ó dà bí omi tí wọ́n fi fọ ìkòkò, gbogbo wa sì mu ún.

Nígbà tí mo ń gbé Bàbá padà sílé, mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní mi ò mọ̀ pé èmi ni wọ́n fi ń pé, ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti sọ̀rọ̀.

“Èmi mọ̀,” ló wí.

Díẹ̀ ló kù kí n kọjá iná pupa. “Láti ìgbà wo, sà?”

“Láti ọjọ́ kìíní. Ojú mi ò fọ́. Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á lé wa lọ sílé. Mo wò ó pé Ọlọ́run tó ní ká má ka èèyàn, kò yẹ kí Òun náà máa kà wá. Ìyẹn ò dùn mí.”

A dé iwájú ilé rẹ̀. Mo pa mọ́tò, ṣùgbọ́n kò mira láti sọ̀ kalẹ̀.

“Oṣù mẹ́sàn-án ni mo fi ń wá ẹni kẹwàá, tí mò ń purọ́ nílé Ọlọ́run, ọ̀rẹ́ ìyàwó mi sì wà ní kíṣìnì. Kò wá sí mi lọ́kàn rí. Kódà lẹ́ẹ̀kan.” Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú rẹ̀. “Kí ọ̀rẹ́ yẹn tó gba ọ̀bẹ, ìyàwó mi ló ni ín. Ogójì ọdún ló fi gé ẹja fún wa níbẹ̀. A ò kà á rí.”