Ìfófó Orí Bíà Bùkọ́lá

Bí ẹ bá fẹ́ rí ẹni tí ìfófó gba oorun mọ́ lójú, ẹ wọ takisí lọ sí Barnersville, kí ẹ béèrè Olúbùkọ́lá, tíṣà kẹ́místìrì tó ń pọn bíà nínú kíṣìnnì ara rẹ̀.

Adùn kọ́ ni ìṣòro rẹ̀ o. Bíà rẹ̀ dùn débi pé àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tó ní àwọn ò fẹnu kan ọtí rí máa ń wá tọrọ díẹ̀ fún ikọ́. Ìfófó ni wàhálà. Bó bá ti bù ú tán, á rú sókè funfun báláú. Kó tó mu ún lẹ́ẹ̀kejì, ó ti wọlẹ̀, bíà á wá dúró bíi tíì tó tutù.

Àǹtí Deborah, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ní ilé oúnjẹ ní Sinkor, ti dá bíà náà padà lẹ́ẹ̀mejì pé ìfófó rẹ̀ kì í dúró. Ó ní kó gbé e wá lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìyẹn, ó tán. Bẹ́ẹ̀ Bùkọ́lá ti fiṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ nítorí bíà yìí. Bí Àǹtí bá kọ̀, àfi kó padà lọ bẹ ọ̀gá ilé-ìwé, ẹni tó fi ẹ̀rín sìn ín jáde. Bùkọ́lá ní kàkà bẹ́ẹ̀, òun á kúkú jẹ ṣọ́ọ̀kì.

Ló bá kó ara rẹ̀ sí i. Ó fi àlìkámà kún ọkà, torí wọ́n ní ó ń gbé ìfófó ró. Ó fi kún ewé kíkorò tó ń sè mọ́ ọn. Ó fọ gíláàsì títí ọwọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Pàbó ni.

Tìjání ọkọ rẹ̀ ni adájọ́. Mùsùlùmí ni, kì í mutí, ṣùgbọ́n ó ní kíka ìṣẹ́jú kì í ṣe ọtí mímu. Bùkọ́lá á bu gíláàsì kan síwájú rẹ̀, á bu èkejì fún ara rẹ̀, Tìjání á máa wo aago fóònù.

Ní Ọjọ́bọ̀, Tìjání sún mọ́ tábìlì. "Ìyá Fẹ́rànmí, tèmi ṣì wà níbẹ̀."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Ìfófó. Ìṣẹ́jú méje rèé. Tìrẹ ò lo ìṣẹ́jú kan. Ṣebí inú àgbá kan náà lo ti bù wọ́n?" Ó wo ìyàwó rẹ̀ lójú. "Kí lo fi pa ètè?"

Ọyẹ́ ń fẹ́, òrí ló fi pa ètè, ó ń dán yinrin. Ẹ wo tíṣà kẹ́místìrì! Ọdún mọ́kànlá ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé ọ̀rá ń pa ìfófó. Ó nu ètè rẹ̀ mọ́, ó bu òmíràn, ó mu ún dé ìdí, ìfófó ń bá bíà sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rín mú un débi pé ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nígbà tó dìde, ó di mọ́ ọkọ rẹ̀, ó ń bá a jó yí kíṣìnnì ká, Tìjání ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má da ọtí sí òun láṣọ, òun ò tíì kírun.

Ní Sátidé, ó gbé àgbá kékeré sáàárín ẹsẹ̀ nínú takisí, ó ń kọrin títí dé Sinkor. Ó bá Àǹtí Deborah nídìí ìrẹsì àti ọbẹ̀ ẹyìn, ètè rẹ̀ pọ́n fún epo láti igun dé igun.

"Bù ú wá," ni Àǹtí wí.

Bùkọ́lá bù ú. Ta ni yóò sọ fún ẹgbẹ́ ìyá rẹ̀ pé kó nu ẹnu? Bí ó bá sì dákẹ́, ṣọ́ọ̀kì ló kàn. Àǹtí ti ń gbé gíláàsì lọ sẹ́nu nígbà tí Bùkọ́lá bá ara rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀.

"Àǹtí, ẹ dákun, ẹ má bínú. Ẹ bá mi nu ẹnu yín ná."

Àǹtí gbé gíláàsì kalẹ̀.

"Èmi lò ń sọ fún pé ẹnu mi dọ̀tí?"

"Kò dọ̀tí, mà. Epo ló wà níbẹ̀."

 Àǹtí mú tíṣù, ó nu ẹnu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò gbójú kúrò lára Bùkọ́lá. Ó mu bíà. Ó tún mu. Ó mu ún dé ìsàlẹ̀ títí ìfófó nìkan fi kù nídìí gíláàsì. Ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Lẹ́yìn náà ó pe àwọn tó ń gbé oúnjẹ.

"Láti òní lọ, ẹ máa kọ́kọ́ gbé tíṣù síwájú oníbàárà, kí ẹ tó gbé bíà Bùkọ́lá fún un."