Ààlè ara ìgèrè mi

Mo ti mọ ẹni tó ń kó edé inú ìgèrè mi.

Ìgbafẹ́ lásán ni mo fi ń dẹ ẹ́ sódò Erinlẹ̀, àmọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tó jẹ́ òfìfo ni mò ń bá.

Láàárọ̀ yìí, bàbá tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń dẹ ìgèrè ni mo bá lódò. Ọwọ́ wọn wà nínú rẹ̀. Àwọn náà ló bá mi so àkísà pupa mọ́ ọn, pé ààlè ni, olè ò ní fọwọ́ kàn án.

Mo dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, bàbá."

"Mo ní n bá ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ni. Ọlọ́run á jẹ́ kó máa mú."

Mo ṣe àmín. Wọ́n gbé korobá edé wọn, wọ́n lọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹnu wo lẹ bá fi pè wọ́n lólè?