Daddy àti Òkú Tó Ń Fò

Pásíwọ́ọ̀dù ni tẹlifíṣàn mi ń bèèrè láti àárọ̀. Èmi tí mi ò lè sípẹ́lì Fẹ́búárì láìwo kàlẹ́ńdà! Fíìmù àtijọ́ àwọn Ṣáínà ni mo kúkú fẹ́ wò, èyí tí òkú ti máa ń fò, tí wọ́n á wá fi kọnfú bá a jà.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, nílé kánsù wa ní North Peckham, ní London, kásẹ́ẹ̀tì là ń lò. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí. Ní Sátidé, Daddy á yá kan bọ̀ láti Deptford, Mummy á din dòdò, èmi àti Daddy á jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì. Òkú á pa ẹsẹ̀ pọ̀, á máa fò, á na ọwọ́ méjèèjì síwájú gbọọrọ. Tí o bá ti di èémí mú, kò ní rí ẹ. Lẹ́yìn náà, àlùfáà wọn á lẹ ìwé yẹ́lò mọ́ ọn níwájú orí, òkú á dúró gbọnin. Daddy á pariwo: "Ààfáà yìí gbóná o! Tírà iwájú orí!"

Èmi náà fò káàkiri ilé títí ará ìsàlẹ̀ fi wá kanlẹ̀kùn. Mummy ní kí n kúnlẹ̀, kí n nawọ́ sókè. Mo na tèmi síwájú bí òkú. Ìgbájú tí mo jẹ lọ́jọ́ yẹn, kò sí nínú fíìmù kankan.

Nígbà tó yá, àìsàn dá Daddy dùbúlẹ̀, wọ́n sì gbé wọn dé láti ọsibítù. Wọ́n ti rù, ojú wọn ti jìn, awọ wọn dà bí àbẹ́là. Mummy wà ní kíṣìnì, wọ́n ń po ògì.

"Múfú, wá fà mí dìde."

Daddy na ọwọ́ méjèèjì sí mi gbọọrọ.

Mo di èémí mú. Èmi, akọni kọnfú North Peckham, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà bí òpó. Daddy wò mí títí, wọ́n rọra gbé ọwọ́ wọn sílẹ̀.

"Mí, ọmọ mi. Mi ò ní fò."

Mo sá jáde. Lọ́jọ́ kejì, Daddy kú. Ní mọ́ṣáláṣí, ààfáà ń kírun sí wọn lára, èmi ń wo ibi tí ẹsẹ̀ wọn wà nínú aṣọ funfun. Mo ń retí kí wọ́n fò. Wọn ò fò.

Láyé ìgbà yẹn, àwòrán dúdú kirikiri, ẹ̀rù sì ń bani. Nígbà tí tẹlifíṣàn ṣí lónìí, ó mọ́ débi pé mo ń rí okùn tí wọ́n fi ń fa òkú sókè. Mummy, tí wọ́n ti darúgbó, jókòó tì mí. Ọ̀rọ̀ ṣàdédé yọ lẹ́nu mi, mo jẹ́wọ́ bí mo ṣe sá fún Daddy, ohun tí mo ti gbé mì láti ọjọ́ náà.

Mummy ò gbójú kúrò lára tẹlifíṣàn.

"Daddy ẹ ti sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn gan-an. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ nà ẹ́."