Ìwé Tí Bàbá Géètì Ń Mú Lọ fún Bàbá Ọmọ

Tísà mẹ́fà péré ni wá níléèwé náà, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù tí ìjọba fi ránṣẹ́ ń béèrè orúkọ òṣìṣẹ́ mẹ́sàn-án. Kì í ṣe ti àwọn tó ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò tàbí Gẹ̀ẹ́sì o. Àwọn tó ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ ni wọ́n ń béèrè: ta ló ń gba àwọn ọmọ nímọ̀ràn, ta ló ń tọ́jú èyí tó bá fara pa, ta ló ń wá ọmọ tó bá ń sá fún iléèwé lọ sílé, ta ló ń mójú tó ilé-ìkàwé. A ò ní ilé-ìkàwé. Kọ́bọ́ọ̀dù kan ló wà ní ọ́fíìsì pirinsípà tí a kó ìwé sí, àwọn alángbá sì ti sọ ọ́ di ilé wọn.

Ojú ọ̀nà Ìjàyè ni iléèwé wa wà, láàárín oko ẹ̀gẹ́ àti oko àgbàdo. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mò ń kọ́ wọn. Kí n tó sọ̀rọ̀ jìnnà, kí ẹ mọ̀ pé inú mi tètè máa ń bí. Ìdí nìyẹn tí gbogbo tísà fi rẹ́rìn-ín nígbà tí pirinsípà wa, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tí kì í gbóhùn sókè, kọ orúkọ mi síwájú ibi tí wọ́n ti ń béèrè olùdámọ̀ràn. Wọ́n ní a ó tún ní láti wá ẹni tí yóò máa gba olùdámọ̀ràn nímọ̀ràn.

Nígbà tí pirinsípà pín ipò kan ipò kan fún àwa mẹ́fà tán, mẹ́ta ṣì ṣófo. Pirinsípà wo ìta láti ojú fèrèsé, wọ́n rí bàbá tó ń ṣọ́ géètì wa, wọ́n sì kọ orúkọ bàbá náà sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bàbá géètì di olùtọ́jú aláìsàn, nítorí pé wọ́n ti fi omi tútù dá ẹ̀jẹ̀ imú ọmọ kan dúró rí. Wọ́n di ẹni tó ń wá ọmọ tó bá sá, nítorí pé wọ́n ní ọ̀kadà. Wọ́n tún di ọmọ ìgbìmọ̀ ìtọ́jú akẹ́kọ̀ọ́, nítorí pé ìgbìmọ̀ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni mẹ́ta, èmi àti pirinsípà nìkan la sì wà níbẹ̀.

Àwa tísà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ orí ìwé lásán ni. Bàbá géètì ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni àádọ́ta ọdún ó lé ni wọ́n, aṣọ kakí wọn kì í rún, wọn kì í sì í fi iṣẹ́ ṣeré. Wọ́n wá bá mi pé kí n là á yé àwọn.

"Mà, tí mo bá ń tọ́jú ọmọ tó fara pa, ta ló wà ní géètì?"

"Ẹ̀yin náà ni, bàbá."

"Ó yé mi. Ṣùgbọ́n lásìkò yẹn, n ò sí ní géètì nìyẹn."

Ọjọ́ tí ọ̀gá kan wá láti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ láti yẹ̀ wá wò, a gé páálí, a kọ ipò kálukú sí i, a sì fi kọ́ àyà. Bàbá géètì ṣí géètì fún ọ̀gá náà, wọ́n kí i káàbọ̀. Kò pẹ́ tí ọ̀gá jókòó tó ní òun fẹ́ rí olùtọ́jú aláìsàn. Bàbá géètì gba ẹ̀yìn kíláàsì lọ, wọ́n pààrọ̀ páálí, wọ́n gba ẹnu ọ̀nà kejì wọlé, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ ìkíni láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣí géètì fún mi ni?"

"Rárá o, sà. Ẹni ti géètì nìyẹn. A jọ ń ṣiṣẹ́ níbí ni."

Ọ̀gá náà wò wọ́n títí, ó sì sàmì sí fọ́ọ̀mù rẹ̀ pé gbogbo òṣìṣẹ́ pé.

Oṣù bíi mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, ọmọbìnrin kan ní SS2 wá bá mi lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ tí mo ti ń gba àwọn ọmọ nímọ̀ràn. Òun ló ń gba ipò kìíní nínú iṣẹ́ mi. Ọmọ bàbá géètì ni. Ó ní ẹ̀gbọ́n bàbá òun, tó jẹ́ olórí agboolé wọn, ti pàṣẹ pé tí sáà yìí bá parí, kí òun máa lọ sí ọjà Ṣáṣá lọ́dọ̀ ìyàwó wọn, tó ń ta tòmátì àti tàtàṣé níbẹ̀. Ẹni tó ń bá ìyàwó náà tajà ti lọ sílé ọkọ. Òun ò ní lè ka SS3 nìyẹn.

"Kí ni bàbá rẹ wí?"

"Wọn ò wí nǹkan kan, mà. Wọ́n kàn ń wolẹ̀ ni."

Inú bí mi gan-an. Mo lọ ka ohun tí ìjọba ní ká ṣe. Wọ́n ní kí olùdámọ̀ràn gbé ọ̀rọ̀ fún ìgbìmọ̀, kí ìgbìmọ̀ kọ̀wé sí òbí, kí ẹni tó ń wá ọmọ lọ sílé sì mú ìwé náà lọ. Mo bẹ pirinsípà pé kí á yọ bàbá géètì kúrò nínú èyí. Wọ́n ní ẹni mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i.

Bàbá géètì wá sípàdé, wọ́n jókòó, wọ́n gbọ́ ẹjọ́ ọmọ náà bí ẹni pé ará ìlú mìíràn ni. Wọ́n bi mí bóyá ọmọ náà mọ̀wé. Mo ní kò sí ẹgbẹ́ rẹ̀.

"Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kọ́ ló yẹ kó máa jókòó ti tòmátì," ni wọ́n wí. "Ẹ jẹ́ ká kọ̀wé sí bàbá rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ kó le dáadáa."

Wọ́n fọwọ́ sí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Èmi kàn ń wò wọ́n. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, wọ́n gun ọ̀kadà, wọ́n lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ dé.

"Mo ti fún wọn, mà. Wọ́n gbà á."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọn ò tíì fèsì. Ẹ ṣe sùúrù fún wọn. Ọkàn wọn ò balẹ̀."

Ara wọn ni wọ́n ń fi gbogbo ọ̀wọ̀ yẹn sọ̀rọ̀ rẹ̀ o. Mo kọ ìwé kejì, mo kọ ìkẹta. Nínú ìkẹta mo pe bàbá ọmọ ní ọ̀dájú, pirinsípà sì fi bírò pa á rẹ́. Bàbá géètì mú gbogbo rẹ̀ lọ, wọ́n sì ń jábọ̀ fún mi pé bàbá ọmọ ṣì ń rò ó. Nípàdé wa tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní kí a má fi ìbínú bá a sọ̀rọ̀ mọ́, pé kì í ṣe pé kò fẹ́, pé a ò mọ irú ilé tó ti wá. Mo ní ilé ọ̀lẹ ló ti wá.

Sáà parí, ọmọ lọ sí Ṣáṣá. Nígbà tí a wọlé fún sáà tuntun, ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni bàbá géètì fi ọwọ́ ara wọn kọ orúkọ ọmọ wọn sínú ìwé àwọn tí kò wá. Níbi tí wọ́n ti ń béèrè ìdí, wọ́n kọ "a kò tíì mọ̀". Nígbà tí mo rí i, mo gba géètì lọ, mo sì bú wọn lójú àwọn ọmọ. Mo ní olójú méjì ni wọ́n, mo ní kí wọ́n lọ mú ọmọ wọn wá, kí wọ́n yéé fi mí ṣeré. N ò bú ẹni tó jù mí lọ bẹ́ẹ̀ rí.

Bàbá géètì jẹ́ kí ọmọ kan tó pẹ́ wọlé, wọ́n ti géètì, kí wọ́n tó yíjú sí mi.

"Mà, ẹni tí kò láṣẹ lẹ ń kọ̀wé sí láti ọjọ́ yìí wá. Ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé iléèwé ló rán mi."

Mo kọ ọ́, pirinsípà lu òǹtẹ̀ sí i. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ní ọjọ́ kejì, mo jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà bàbá géètì, a lọ. Ẹ̀gbọ́n wọn wà lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, arúgbó tó ti funfun pátápátá, tẹ̀súbáà wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn ló tọ́ bàbá géètì dàgbà nígbà tí bàbá wọn kú. Bàbá géètì dọ̀bálẹ̀ gbalaja, wọn ò dìde títí ẹ̀gbọ́n wọn fi ní kí wọ́n dìde. Mo rí i nígbà náà pé nínú ilé yẹn, àbúrò kì í dá ẹ̀gbọ́n lóhùn. Ẹ̀gbọ́n á sọ̀rọ̀, àbúrò á máa wolẹ̀.

Bàbá géètì wá padà sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n yọ ìwé jáde lápò, wọ́n tún aṣọ kakí wọn ṣe, wọ́n sì tún wọlé. Lọ́tẹ̀ yìí, ìdúró ni wọ́n wà.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Iléèwé ló rán mi wá."

Ẹ̀gbọ́n wọn wò wọ́n, wọ́n wò mí. Wọn ò mọ̀wé Òyìnbó kà, wọ́n ní kí ìránṣẹ́ ka ìwé náà sétí àwọn ní Yorùbá. Mo mọ ohun tí mo kọ, ìlà mẹ́jọ ni. Bàbá géètì kà á fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọ́n kà á pé ọmọ tí a bá mú kúrò nídìí ìwé nígbà tó ń yé e, ọ̀rọ̀ náà kì í kúrò lọ́kàn rẹ̀ títí tó fi ń darúgbó. Wọ́n kà á pé á máa rí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́nà, á máa yà sínú igbó. Wọ́n kà á pé kì í ṣe pé kò mọ oore ẹni tó tọ́ ọ. Ojú wọn ò kúrò lórí ìwé náà.

"Ìwọ tó o jẹ́ bàbá ọmọ ńkọ́?" ni ẹ̀gbọ́n wọn bi wọ́n. "Kí lo wí sí i?"

"Bàbá rẹ̀ ò lè dá yín lóhùn, ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni mo jẹ́."

Arúgbó náà gba ìwé, wọ́n yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, wọ́n fi ìka tọ òǹtẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n gbójú sókè sí mi.

"Tísà, ṣé gbogbo èyí tó kà ló wà nínú ìwé yìí?"

"Gbogbo rẹ̀ ni, bàbá," ni mo wí.

Wọ́n dá ìwé náà padà fún bàbá géètì. Wọ́n ní tó bá jẹ́ ohun tí ìjọba wí nìyẹn, kí wọ́n lọ pe ọmọ náà wá láti Ṣáṣá.

A gun ọ̀kadà padà dé géètì iléèwé. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo ní kí bàbá géètì forí jì mí fún gbogbo èébú àná. Wọ́n ní kí n dìde, wọ́n sì na ìwé náà sí mi pé kí n fi pamọ́ sínú fáìlì.

"Ìwé kẹfà níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo wà tí ẹ̀gbọ́n mi fi ní kí n máa bọ̀ lóko, mà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá ẹni tó máa rán mi níṣẹ́ sí wọn."